Ọkùnrin Tó Lóṣòó sí Iwájú Ilé Wa

Ilé ìyá mi ti wà láìní òrùlé tipẹ́ kí bàbá yẹn tó wá lóṣòó sí iwájú ilé tí a háyà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ilé náà, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Tíṣà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ìyá mi, ní Ìkẹ́rẹ́. Bàbá mi kú nígbà tí mo wà ní kékeré, gbogbo búlọ́ọ̀kù tó wà lára ilé yẹn, inú owó oṣù ìyá mi ló ti jáde. Ó ti mọ ọ́n dé òkè, káfíńtà ti kan igi òrùlé sí i, ó ku páànù. Òjò ọdún kan sì ti pa igi yẹn. Káfíńtà wá kìlọ̀ pé bí òjò ọdún kejì bá tún bá a níhòòhò bẹ́ẹ̀, kí a má wulẹ̀ pe òun mọ́, kí a lọ pe aṣẹ́gi.

Ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ni. Inú wa dùn pé a ti kúrò lábẹ́ Àkúrẹ́, a jó, a yọ̀, àmọ́ fáìlì àwọn tíṣà ń lọ láti Àkúrẹ́ sí Adó bí ẹni pé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn, owó oṣù sì ń wọ́ tẹ̀lé wọn lẹ́yìn. Tíṣà tó bá fẹ́ ṣe nǹkan gidi nígbà yẹn, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló kù tó lè yá a lówó. Ìyá mi ti béèrè ẹ̀yáwó páànù lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní kó mú onídùúró méjì wá, ó sì ti rí wọn: ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ ń kọ́ni, àti ẹnì kan tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ku kí ìpàdé fọwọ́ sí i.

Mo ń gbálẹ̀ iwájú ilé ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà tí bàbá náà dé. Ó ti dàgbà, ó wọ dàńṣíkí, ó dé fìlà, ó gbé àpò kan kọ́ èjìká. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó ní, "Ṣé ilé Tíṣà nìyí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò sọ nǹkan mìíràn. Ó lọ síbi òpó fàráńdà, ó lóṣòó síbẹ̀. Mo gbé àga fún un, ó ní òun kò jókòó. Mo wọlé lọ sọ fún ìyá mi pé a ní àlejò.

Ní ilé wa, a kì í bi àlejò léèrè ohun tó gbé e wá kó tó jẹun. Ìwà yẹn wà lára gbogbo ará Ìkẹ́rẹ́ tí mo mọ̀, àmọ́ ti ìyá mi le ju ti ẹlòmíràn lọ: bí àlejò bá jẹun tán, ojú á tún máa tì í láti béèrè, kó má baà dà bíi pé ó ń lé e. Lọ́tẹ̀ yìí pàápàá, ó tún ní ìdí mìíràn tí kò fi béèrè. Ọmọ Iléṣà kan ń fẹ́ mi nígbà yẹn. Ìyá mi dúró lẹ́yìn fèrèsé, ó gbọ́ bí bàbá náà ṣe ń dá àwọn tó ń kọjá lóhùn, ó yíjú sí mi, ojú rẹ̀ ń dán.

"Ìjẹ̀ṣà ni," ó ní. "Àwọn àna rẹ ló rán an. Wọ́n wá wò wá."

Ẹ mọ bí a ti ń ṣe é. Kí ìdílé kan tó fẹ́ ọmọ nínú ìdílé kejì, wọ́n á rán ẹni tí wọn kò mọ̀ lọ sí àdúgbò, yóò rọra wádìí bóyá wàhálà wà nínú ilé ọ̀hún, àìsàn burúkú, olè, gbèsè. Ìyá mi ti ń retí ẹni náà láti ìgbà tí ọmọkùnrin yẹn ti kọ́kọ́ tẹ ilé wa. Mo ní, "Kí ló wá dé tí kò jókòó?"

"Àṣà wọn ni. Ẹni tó wá tọrọ ọmọ kì í jókòó kí wọ́n tó fún un."

Títí di òní, n kò mọ ibi tí ó ti rí àṣà yẹn. Bó ṣe sọ ọ́ ni mo gbà á, torí tíṣà ni.

Ni a bá dáná. A gún uyán, a se ẹ̀gúsí, ìyá mi yọ ẹran tí a ń tọ́jú de ọjọ́ Àìkú. Bàbá náà jẹun níbi tó lóṣòó sí, ó fọ abọ́ náà mọ́ bí ẹni pé a kò bu nǹkan sí i rí, ó kí wa, ó sì tún dákẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ máa ṣú, ó dìde, ó na orúnkún, ó lọ sọ́dọ̀ ará ìlú rẹ̀ kan tó ń gbé nítòsí ọjà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó tún dé. Òpó yẹn náà ni, ìlóṣòó yẹn náà ni. A tún gún uyán. Ìyá mi ní kí n máa rìn jẹ́jẹ́, kí n má sọ̀rọ̀ sókè, kí n gbálẹ̀ ibi tí mo ti gbá. Inú ń bí mi. Èmi tí mo ti ní ọwọ́ líle láti kékeré, mo wá ń rọra gbé ìkòkò kalẹ̀ torí bàbá kan tí kò sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ti mọ irú ẹni tó jẹ́ báyìí. Òṣómàáló ni. Láyé àwọn ìyá wa àgbà, àwọn Ìjẹ̀ṣà ló máa ń kiri aṣọ láti ìlú dé ìlú, wọ́n á tà á ní àwìn, wọ́n á dá ọjọ́. Bí ọjọ́ bá pé tí o kò san án, wọ́n á wá sí iwájú ilé rẹ, wọ́n á lóṣòó, wọn kò ní jókòó, wọn kò sì ní lọ àfi bí o bá san án. Wọn kì í pariwo. Gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ló máa rí i, ìtìjú ni yóò bá wọn sin owó náà. Ìtàn lásán ni irú rẹ̀ jẹ́ létí tiwa. Àwọn ọlọ́jà àwìn ìgbà tiwa, ẹnu géètì ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti ń dúró de tíṣà lópin oṣù. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà àdúgbò kò gbàgbé. Wọ́n ń kọjá, wọ́n ń kí wa, "Ẹ kú ulé o," wọ́n ń wo bàbá náà, wọ́n ń wo ilẹ̀kùn wa, wọ́n ń mi orí lọ.

Bàbá Tíṣà kan wà ní òdìkejì ọ̀nà, ilé rẹ̀ àti tiwa kọjú síra, ẹ̀rọ omi wà láàrin. Òun náà ń kọ́ni, ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan náà sì ni òun àti ìyá mi. Ní ọjọ́ kejì yẹn, ó sọdá wá, ó dúró jìnnà sí òpó, ó sọ fún ìyá mi wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, "Ẹ kú ìrọ́jú, Màmá. Ọlọ́run á ṣe ọ̀nà." Ìyá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rò pé ti wàhálà àlejò ìgbéyàwó mi ló ń bá òun dáró.

Ọjọ́ Sátidé ni ìpàdé. Ìyá mi wọ aṣọ tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó lọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé oúnjẹ ọ̀sán fún àlejò wa nígbà tí ìyá mi padà, ó di báàgì rẹ̀ mú mọ́ ikùn, ó jókòó sórí àpótí ní ilé ìdáná. Wọn kò fún un ní ẹ̀yáwó. Àwọn onídùúró méjèèjì ti yọwọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò lè wojú rẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́. Alága ló là á mọ́lẹ̀ fún un pé ẹgbẹ́ gbọ́ pé òṣómàáló ti ń lóṣòó ti ilé rẹ̀, ẹni tí òṣómàáló bá sì lóṣòó tì, ẹgbẹ́ kò lè yá a lówó.

"Wọ́n bi mí pé mélòó ni mo jẹ," ìyá mi ní. "Mo ní n kò jẹ ẹnikẹ́ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín."

Omi bọ́ lójú rẹ̀. N kò tíì rí i kó sunkún láti ìgbà tí a ti sin bàbá mi. Mo gbéra pé mo ń lọ da omi gbígbóná sí bàbá yẹn lẹ́sẹ̀, mi ò sì ṣeré. Ìyá mi di ìró mi mú. Ó nu ojú rẹ̀, ó jáde lọ bá a. Bàbá náà ń lá ọbẹ̀ tó kù lọ́wọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ta ni ẹ̀ ń wá?"

"Tíṣà."

"Èmi ni Tíṣà. Kí ni mo jẹ yín?"

"Owó léèsì," bàbá náà ní. "Ẹ̀gbọ́n mi lẹ rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ara rẹ̀ kò yá mọ́, kò lè rìn, èmi ló ní kí n bá òun sin àwọn owó tó wà níta. Ẹ má bínú. Oúnjẹ yín dùn, àmọ́ owó lowó."

Ìyá mi bi í bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe júwe ilé. Ó ní wọ́n ní tí òun bá ti dé ibi ẹ̀rọ omi, ilé Tíṣà ni èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ìyá mi ní, apá ibo ni ẹ̀gbọ́n yín máa ń gbà wọ àdúgbò yìí? Bàbá náà ronú. Ó ní Ìsẹ̀ àti Èmùré ni ẹ̀gbọ́n òun máa ń ná kó tó kan Ìkẹ́rẹ́, ọ̀nà Ìsẹ̀ ló máa ń bá wọlé. Òun alára, Àkúrẹ́ lòun ti wọ mọ́tò, ọ̀nà ìsàlẹ̀ lòun gbà, láti orí kejì àdúgbò. Ìyá mi kàn yíjú sí òdìkejì ọ̀nà. Bàbá náà wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó wo ọwọ́ òsì rẹ̀, ó wá wo abọ́ uyán tó wà nílẹ̀.

"Yéè," ó ní. "Mo ti jẹ ẹran ẹlẹ́ran."

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá mi, àgbàlagbà rẹ̀. Bó ṣe dìde, ó gbé àpò rẹ̀, ó ní òun ń sọdá lọ sí òdìkejì lójú ẹsẹ̀, òun á lóṣòó sí àárín pálọ̀ rẹ̀ ni. Inú mi dùn. Mo ní, "Ẹ lọ, bàbá. Ẹ jẹ́ kí gbogbo àdúgbò rí i." Ẹni tó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń wá, tó wá ń kí ìyá mi kú ìrọ́jú. Inú bí mi sí i débi tí mo fẹ́ ṣáájú bàbá náà lọ.

"Ẹ dúró," ìyá mi ní. "Ẹ kò tíì parí tibí. Ẹ ti bà mí lórúkọ jẹ́. Ibi tí ẹ ti bà á jẹ́ lẹ ó ti tún un ṣe."

Ó ní láti ọjọ́ Ajé, kí bàbá náà máa bọ̀ níbi òpó yẹn, ní àkókò yẹn gan-an, kó jókòó lórí àga lọ́tẹ̀ yìí, kó máa sọ fún gbogbo ẹni tó bá kọjá pé ìyá mi kò jẹ ẹ́. Bàbá náà gbà. Ó ní òun á sì máa sọ ẹni tó jẹ òun gan-an fún wọn. Ìyá mi ní rárá.

"Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń sin owó nìyẹn, Tíṣà. Ìtìjú ni irinṣẹ́ wa."

"Gbèsè, ọ̀rọ̀ ẹni méjì ni. Ẹ lọ bá a nínú ilé rẹ̀, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ bá a sọ ọ́. Kò sí ohun tó kan ará ọ̀nà níbẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ tọ́ ìtìjú yẹn wò, n kò fẹ́ kí ẹlòmíràn tọ́ ọ wò níwájú ilé mi."

Mo bínú sí ìyá mi lọ́jọ́ yẹn ju bí mo ṣe bínú sí bàbá Ìjẹ̀ṣà lọ. Mo sọ fún un pé àánú rẹ̀ á sọ ọ́ di ẹni tí kò ní òrùlé lórí. Mo ní ó dáa, wọ́n ṣáà máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ìyá mi ní, "Ogún ọdún kẹ̀? Òjò ò ní dúró dè é tó bẹ́ẹ̀."

Bàbá náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ tuntun ní ọjọ́ Ajé, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ó jókòó, ó na ẹsẹ̀, ó ń pe èrò. "Ẹ máa wò ó o, Tíṣà yìí ò jẹ mí. Mo ṣìlé ni." Àwọn tó ń lọ pọn omi dúró gbọ́ ọ. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń kọ ọ́ lórin. Ẹlòmíràn tí kò tiẹ̀ gbọ́ ti àkọ́kọ́ wá ń béèrè pé gbèsè wo, ni bàbá náà á bá bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀nà Ìsẹ̀ àti ọ̀nà Àkúrẹ́ àti ẹran tó jẹ. Mo wà nínú ilé, mo ń rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí. Ilẹ̀kùn bàbá Tíṣà òdìkejì kò ṣí láti àárọ̀ dé àṣálẹ́.

Nígbà tó yá, ó gba ẹ̀yìnkùlé wọ ilé wa. Kò lè jókòó. Ó ní owó oṣù ni kò dé, ó ti ra léèsì náà fún ìyàwó rẹ̀ kí ìpínlẹ̀ tuntun tó dé, ó rò pé ohun gbogbo á sàn. Ìyá mi pe bàbá Ìjẹ̀ṣà wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi àwọn méjèèjì sílẹ̀. Wọ́n fẹnu kò pé yóò máa san án díẹ̀díẹ̀ bí owó bá ṣe ń wọlé. Nígbà tó ń lọ, ó kí mi, n kò dá a lóhùn. Ìyá mi ló dá a lóhùn fún mi.

Ẹ wá wo bí ayé ṣe rí. Ọ̀rọ̀ pé ìyá mi jẹ gbèsè ti dé gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tó wà ní Ìkẹ́rẹ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ pé kò jẹ ẹ́, kò kọjá ibi ẹ̀rọ omi. Ìyá mi lọ bá alága, alága ní ohun tí àwọn gbọ́ ni pé ó jẹ, àwọn kò tíì gbọ́ pé kò jẹ. Ojú ọ̀run ti ń dúdú ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ìpàdé tún dé, ìyá mi mú bàbá náà dání. Mo tẹ̀lé wọn, mo dúró sẹ́nu fèrèsé kíláàsì tí wọ́n ti ń ṣe é.

Bàbá náà dìde láàrin àwọn tíṣà, ó ṣí fìlà, ó ní, "Èmi ni òṣómàáló tí ẹ gbọ́ nípa rẹ̀. Tíṣà yìí ò jẹ mí. Kò jẹ mí rí. Èmi ni mo ṣìlé."

Alága wò ó. "Bí kò bá jẹ yín, ta ló jẹ yín?"

Bàbá Tíṣà òdìkejì wà lórí bẹ́ǹṣì kejì, ó tẹ orí ba. Bàbá Ìjẹ̀ṣà wo ìyá mi. Ìyá mi kò mi orí, kò ṣẹ́jú. Mo mọ̀ pé bó bá dárúkọ, kíá ni wọ́n á gbà á gbọ́. Bí kò bá dárúkọ, wọ́n á ní ìyá mi ló sanwó fún un láti wá purọ́. Mo fẹ́ kígbe orúkọ yẹn láti ojú fèrèsé. Bàbá náà ní, "Ìyẹn wà láàrin èmi àti onítọ̀hún."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín yẹ̀yẹ́. Alága bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìwé sí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ìgbà yẹn ni bàbá Tíṣà dìde. Ó di bẹ́ǹṣì mú.

"Èmi ni," ó ní. "Èmi ló ń wá. Mo rí i níwájú ilé wọn, mo mọ̀, mo dákẹ́. Ẹ yá obìnrin yìí lówó."

Lẹ́yìn náà, ìyá àgbà kan tí wọ́n ní ó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì sọ láti ẹ̀yìn pé, "Jókòó, jàre. Ta ni kò jẹ ọlọ́jà àwìn nínú yàrá yìí láti ìgbà tí wọ́n ti gba Adó fún wa?" Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín, alága náà rẹ́rìn-ín. Àwọn onídùúró méjèèjì na ọwọ́ padà. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí ká, páànù ti wà nílẹ̀, káfíńtà ti wà lókè. Òjò àkọ́kọ́ bá wa nínú ilé náà, lórí ẹní, a kò tíì ní ẹrù níbẹ̀. Ariwo rẹ̀ pọ̀ débi tí a kò gbọ́ ohùn ara wa. Ìyá mi kàn ń wo òkè, ó ń rẹ́rìn-ín. Inú mi kò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo fẹ́ ọmọ Iléṣà yẹn. Ó ní àwọn ará ilé òun kò rán ẹnikẹ́ni wá wò wá. Bàbá òṣómàáló náà kò sì yé wá kí wa. Nígbàkígbà tó bá kọjá ní Ìkẹ́rẹ́, á dúró lójú ọ̀nà, á kígbe pé, "Tíṣà yìí ò jẹ mí o." Àwọn ará àdúgbò tuntun á máa wo ara wọn. Ìyá mi bẹ̀ ẹ́ títí pé kó jọ̀ọ́, ó ti tó, àwọn tí kò mọ̀ ti ń fura.

Ìyá mi gbé inú ilé náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibẹ̀ ló kú sí. Ní ọjọ́ tí a sin ín, lẹ́bàá sàréè, pásítọ̀ kéde bí wọ́n ti máa ń kéde fún gbogbo òkú: bí olóògbé bá jẹ ẹnikẹ́ni, bí ẹnikẹ́ni bá sì jẹ olóògbé, kó wá rí àwọn ọmọ. Bàbá Ìjẹ̀ṣà fi ọ̀pá gbé ara rẹ̀ dìde láàrin èrò. Ó ti gbó gan-an, ohùn rẹ̀ kò fẹ́ jáde mọ́.

"Kò jẹ mí," ó ní.

Àwọn tó mọ̀ ọ́n rẹ́rìn-ín nínú ẹkún. Kí ẹ̀rín náà tó rọlẹ̀, bàbá Tíṣà òdìkejì dìde ní tirẹ̀, ó ṣí fìlà. "Èmi," ó ní, "mo jẹ ẹ́." Pásítọ̀ ní kó wá rí àwọn ọmọ. Nígbà tí a padà délé, ó wá lóòótọ́, ó dúró níwájú mi lábẹ́ páànù yẹn. Mo fa àga fún un, mo ní kó jókòó, mo lọ bu uyán wá.